Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ UNESCO: Ẹ Ti Kọ Orúkọ Ìlù Sílẹ̀, Ẹ Jọ̀wọ́ Ẹ Kọ Ti Onílù Náà

Sí Olùdarí Àgbà Àjọ UNESCO ní ìlú Párìsì, sí ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó Àdéhùn ọdún 2003 lórí ìdáàbòbò àṣà àjogúnbá tí a kò lè fọwọ́ bà, àti sí gbogbo aṣojú ìjọba tí ó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà.

Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Onílù ni mí. Dùndún ni mo ń lù, òun ni mo fi ń jẹun, òun náà ni ó sì mú mi pàdé àwọn olórin láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń ta kóra olókùn ni, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń fọn fèrè dúdúkì ni, ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tí ó ń fi ohun èlò orin tí ó bá lọ́wọ́ àwọn baba rẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ohun èlò orin, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ náà, ẹni tí ó ń lo ohun èlò kò tíì rí ibi tí ẹ ti kà á sí òṣìṣẹ́.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ mi, ó yẹ kí n dúpẹ́, nítorí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ojú ohun àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo irú ohun tí à ń lò, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí wọ́n ka òun sí olórin gidi, wọ́n á ní kí ó lọ kọ́ pìyánò tàbí gìtá. Ní ọdún 2001 ni ẹ kọ́kọ́ kéde àwọn iṣẹ́ àrà tí aráyé jogún, tí ẹ sì dárúkọ Sosso-Bala ti ilẹ̀ Gínì, bálàfọ́ọ̀nù, ohun èlò onígi tí wọ́n ń lù, tí ìdílé kan ti ń tọ́jú láti ìrandíran. Ní 2003 ó kan guqin olókùn méje ti ilẹ̀ Ṣáínà, àti morin khuur ti ilẹ̀ Mòǹgólíà, tí okùn rẹ̀ jẹ́ méjì péré, tí wọ́n fi irun ẹṣin ṣe, tí wọ́n sì gbẹ́ orí ẹṣin sí ṣóńṣó ọrùn rẹ̀. Ní 2005 ó kan dúdúkì ti ilẹ̀ Àméníà, fèrè tí wọ́n ń fi igi ápíríkọ́ọ̀tì ṣe, àti timbila, irú bálàfọ́ọ̀nù kan, ti àwọn ará Chopi ní Mòsáńbíìkì. Gbogbo wọn ni ẹ kó wọ inú àkọsílẹ̀ Àdéhùn náà ní 2008. Ní 2020 ẹ fi mbira kún un fún Màláwì àti Sìḿbábúwè, ìbátan agídìgbo wa ni; ní 2021 ó kan gamelan, agbo agogo àti ìlù, ti ilẹ̀ Indonéṣíà. Ìkéde wọ̀nyí yí ojú tí ayé fi ń wò wá padà. Mo mọ òbí tí kò jẹ́ gbà tẹ́lẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kan ìlù, òun náà ni ó wá fúnra rẹ̀ fa ọmọ lé mi lọ́wọ́. N kò gbàgbé èyí, n kò sì ní gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá kan tí àwọn tí ó ń wo eré kì í dé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pe àwa aludùndún mẹ́ta sí àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ kan ní òkè òkun. Òjò ti ń rọ̀ láti òru, ilẹ̀ tutù, gbogbo yàrá sì lọ́rinrin. Ẹni tí ó bá mọ dùndún mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Awọ ewúrẹ́ tí a fi bo ojú ìlù ti mu omi inú afẹ́fẹ́, ó ti dẹ̀, bí mo sì ti ń fún okùn awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀ lábẹ́ abíyá tó, ohùn òkè tí mo ń wá kò jáde. Mo bá gbé e sún mọ́ gílóòbù iná tí ó wà lórí dígí, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀, mo ń fi ìka kan ojú rẹ̀ lóòrèkóòrè láti mọ bí ó ṣe gbóná tó, nítorí pé bí ó bá gbóná jù, yóò ya. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ọkùnrin kan tí ó ń ta kóra jókòó sí, ó gbé igbá ńlá rẹ̀ sáàárín orúnkún, ó ń ti òrùka awọ tí ó so okùn kọ̀ọ̀kan mọ́ ọrùn rẹ̀ sókè sódò. Okùn 21 ni kóra ní. Ó ti dé èyí kẹtàdínlógún nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó kù, ó sì padà sí okùn àkọ́kọ́, nítorí pé òtútù ti tún yí i lóhùn padà. Obìnrin kan tí ó ń ta fáyólìn ìbílẹ̀ ilẹ̀ wọn fi aṣọ gbígbóná wé ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó sọ fún wa pé ó ti tó oṣù mélòó kan tí ìka mẹ́ta ti máa ń kú mọ́ òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè sinmi, nítorí pé ọjọ́ tí òun kò bá ṣeré, kò sí owó tí yóò wọlé.

Bí a ti ń tọ́jú ohun èlò wa ni à ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ orin kọ́ ni a sì ń sọ. Owó ilé ni a sọ, àti owó iléèwé ọmọ. Ẹni tí ó ń ta kóra sọ bí wọ́n ṣe ní kí òun kó igbá náà sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú ẹrù, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gbé àpótí lé e lórí, àti bí òun ṣe jókòó fún wákàtí mẹ́fà tí ọkàn òun kò kúrò nísàlẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí a dé orí ìtàgé, a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn, a sì ṣe iṣẹ́ wa dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ìwé ètò ọjọ́ náà. Ó rẹwà lójú. Wọ́n kọ odidi ojú ìwé kan nípa dùndún: irú igi tí a fi gbẹ́ ẹ, irú awọ tí a fi bò ó, bí ó ṣe ń tẹ̀lé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ inú èdè Yorùbá. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ ni ó tọ̀nà. Níbi tí orúkọ àwọn eléré yẹ kí ó wà, ohun tí wọ́n kọ ni “àwọn onílù ìbílẹ̀”. Ti ẹni tí ó ń ta kóra náà kò yàtọ̀. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ìṣíde lo ọ̀rọ̀ àjogúnbá léraléra, ó dárúkọ àjọ yín pẹ̀lú, gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Owó wa kò dé títí oṣù márùn-ún fi pé. Nígbà tí ó dé, wọ́n ti yọ owó ibi tí a sùn sí kúrò nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ti rò pé àwọn ni yóò san án, a kò sì ní ìwé àdéhùn kankan tí a lè nà sí wọn. N kò ní dárúkọ àjọ̀dún náà, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan, mo sì gbà pé wọn kò fi ìkà ṣe é. Wọ́n ti kọ́ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún ìlù ni, wọn kò tíì kọ́ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó ń lù ú.

Ìwà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1914, àwọn onímọ̀ méjì, Erich von Hornbostel àti Curt Sachs, gbé ètò kan jáde tí àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ṣì ń lò títí di òní. Wọ́n pín ohun èlò orin gbogbo ayé sí ọ̀nà mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ń gbọ̀n láti mú ohùn jáde: ara ohun èlò náà fúnra rẹ̀, bí ti agogo àti agídìgbo, awọ, bí ti ìlù, okùn, bí ti gòjé àti kóra, àti afẹ́fẹ́, bí ti fèrè àti kàkàkí. Ètò náà wúlò púpọ̀, òun ni ó jẹ́ kí ènìyàn lè mọ ìbátan ohun èlò tí kò fojú rí rí. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń mú nǹkan náà gbọ̀n kò sí nínú rẹ̀. Bí wọ́n sì ti ń kó ohun èlò jọ nígbà náà ni wọ́n ń kó ohùn jọ, ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ lọ́wọ́, àìmọye ohùn ni ó sì wà ní ìpamọ́ lónìí tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yà, orúkọ ohun èlò àti ọjọ́ sí lára, tí orúkọ ẹni tí ó ṣe orin náà kò sí níbẹ̀. Ẹni náà ní ọmọ. Ọmọ náà lè máa gbọ́ bàbá rẹ̀ lórí rédíò kí ó má mọ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ ti kọ sílẹ̀, ọ̀kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi, òun ni Bigwala ti àwọn ará Busoga ní Ùgáńdà. Fèrè tí wọ́n fi akèrègbè ṣe ni. Ó máa ń tó márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò tóbi dọ́gba, ohùn kan ṣoṣo sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú jáde. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè dá orin Bigwala ṣe. Ẹni kìíní á fọn tirẹ̀, ẹni kejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹni kẹta á gbà á, títí orin yóò fi di odidi. Ní 2012 ẹ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà tí ó nílò ìdáàbòbò kíákíá, nítorí pé àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ti kù díẹ̀ gan-an. Ẹ bá mi rò ó wò. Bí ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún bá lọ ṣe iṣẹ́ ọdẹ ní ìlú ńlá nítorí pé kò rí owó iléèwé ọmọ rẹ̀ san, kì í ṣe pé ẹgbẹ́ náà dín kù lásán; ohùn kan ti kúrò nínú orin náà, àwọn mẹ́rin yòókù yóò sì máa fo ibi tí ó ti yẹ kí ó wà. Akèrègbè kò wọ́n, a lè gbìn ín. Ẹni tí yóò lè dúró fọn ọ́n ni ó ń wọ́n.

Ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí a máa rò pé wákàtí kan tí òun rí lórí ìtàgé ni gbogbo rẹ̀. Kò mọ ọdún tí a fi kọ́ ọ láìgba kọ́bọ̀. Kò mọ̀ pé awọ ìlù a máa gbó, pé okùn a máa já, pé ahọ́n fèrè a máa là, àti pé owó ara wa ni a fi ń pààrọ̀ wọn. Kò ka ọ̀nà tí a rìn mọ́ iṣẹ́, kò ka wákàtí tí a fi dúró kí wọ́n tó pè wá, kò sì ka àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn òbí wọn kò ní ohun tí wọ́n lè san. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní iṣẹ́ kejì: a ń wakọ̀, a ń ránṣọ, a ń ta ọjà, a ń kọ́ni ní iléèwé, alẹ́ ni a sì ń padà di olórin. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ibòji.

Ara náà ń san tirẹ̀. Okùn tí ó gbé dùndún kọ́ èjìká a máa fa èjìká kan sílẹ̀ ju ìkejì lọ, bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ẹ̀yìn kò ní dúró ṣánṣán mọ́. Etí onílù tí ó ti wà nídìí ìlù láti kékeré a máa gbọ́ ohùn tí kò sí níbẹ̀ lóru. Àìsàn kan wà tí àwọn oníṣègùn mọ̀ dáadáa láàárín àwọn olórin, tí ìka yóò máa ká fúnra rẹ̀ lákòókò tí ẹni náà bá fẹ́ lò ó fún orin, bẹ́ẹ̀ ó lè fi ìka kan náà de bọ́tìnnì láìsí wàhálà. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè béèrè owó ìtọ́jú. Ta ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bàjẹ́ lórí okùn kóra fẹ́ bi? Nígbà tí àrùn kòrónà sì ti gbogbo ibi eré pa ní 2020, tí ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè kan ń pín owó ìrànwọ́ fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìwé tí yóò fi hàn pé ènìyàn ní iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ọwọ́ ni wọ́n ti ń sanwó fún púpọ̀ nínú wa láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. A kò ní ìwé tí a lè mú jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wọlé nìyí, nítorí pé kì í ṣe ohun àjèjì ni mo ń sọ fún yín. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1980, ní ìlú Belgrade, ìpàdé gbogbogbòò yín fọwọ́ sí Àbá Ìmọ̀ràn lórí ipò oníṣẹ́-ọnà láwùjọ. Mo ti kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí ó ń rọ àwọn ìjọba sí ni pé kí wọ́n ka ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ọnà sí òṣìṣẹ́, kí ó ní irú ààbò tí òṣìṣẹ́ yòókù ní, kí àìsàn, ọjọ́ ogbó àti àìríṣẹ́ṣe má bàa sọ ọ́ di ẹni ìgbàgbé. Ọdún 23 lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ṣe Àdéhùn 2003, èyí tí ó ń sọ ti àṣà àjogúnbá. Ìwé méjèèjì ti abẹ́ òrùlé kan náà jáde, ṣùgbọ́n lójú mi, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí kì í kíra wọn ni wọ́n rí. Ní 2016 ẹ gbìyànjú láti mú wọn pàdé, nígbà tí ẹ fi orí kan kún ìlànà ìṣiṣẹ́ Àdéhùn náà lórí ìdàgbàsókè alágbèéró, tí ẹ sì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ nípa owó tó ń wọlé fún àwọn tó ni àṣà àti iṣẹ́ tó bójú mu. Mo yọ̀ nígbà tí mo rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí orílẹ̀-èdè kan bá fẹ́ kí ohun èlò rẹ̀ wọ àkọsílẹ̀ yín, òṣùwọ̀n márùn-ún ni ẹ fi ń wọ̀n ọ́n, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó béèrè bí àwọn tí ó ń lo ohun èlò náà ṣe ń jẹun. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi fọ́tò mẹ́wàá ránṣẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi fídíò ránṣẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé àwọn tí ó ni àṣà náà yọ̀ǹda, ìyẹn sì dára púpọ̀, ó fi hàn pé ẹ mọ bí a ti ń béèrè ìbéèrè tí ó ṣòroó dáhùn. Ìbéèrè kan ni ó kù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà kò gbọdọ̀ sọnù sínú ọ̀rọ̀ owó. Àdéhùn Róòmù ti ọdún 1961, tí ẹ̀yin, Àjọ WIPO tí ó ń rí sí ẹ̀tọ́ ohun-ìní ọpọlọ, àti Àjọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé jọ ń bójú tó, ni ó kọ́kọ́ fún àwọn eléré ní ẹ̀tọ́ lágbàáyé lórí eré wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń ṣàlàyé ẹni tí eléré jẹ́, ẹni tí ó ń ṣeré iṣẹ́ lítíréṣọ̀ tàbí iṣẹ́ ọnà ni ó dárúkọ. Orin àbáláyé tí kò ní ẹni kan pàtó tí a mọ̀ pé ó ṣẹ̀dá rẹ̀ kò sí nínú àlàyé náà. Ọdún 35 kọjá. Ní oṣù kejìlá ọdún 1996, nínú àdéhùn mìíràn tí wọ́n ṣe ní Geneva lábẹ́ Àjọ WIPO, wọ́n fi iṣẹ́ àbáláyé kún un, wọ́n sì kọ ọ́ pé eléré ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n dárúkọ òun gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe eré náà. Ẹ wo ìwé ètò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa níbẹ̀ lòdì sí ohun tí ayé ti fẹnu kò lé lórí, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tí ó mọ̀, àwa pẹ̀lú kò mọ̀ nígbà náà. Lórí àwo orin, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin sí, “orin ìbílẹ̀” ni wọ́n sábà máa ń kọ, ẹni tí ó bá sì ní ìmọ̀ òfin lè tún orin kan náà tò díẹ̀, kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó tò ó, kí owó ẹ̀tọ́ sì máa lọ bá a níbi tí ó jókòó sí. Àgbà tí ó kọ́ ọ ní orin náà kò ní gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé bí owó bá ti wọ orin ìbílẹ̀, orin náà yóò bàjẹ́. Mo ti gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn ènìyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún, n kò sì gbà á. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń san nǹkan fún onílù. Àwọn jeli, ìdílé olórin apìtàn ilẹ̀ Mali àti Gínì, àwọn tí ó ni kóra àti bálàfọ́ọ̀nù, ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń kọrin fún ni wọ́n ti ń jẹ, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ pa ìtàn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún mọ́ sórí. Ohun tí ó ba orin jẹ́ ni kí olórin gé eré wákàtí mẹ́ta sí ìṣẹ́jú mẹ́jọ nítorí pé àwọn àlejò ń kánjú, kí ó má sì lè kọ̀, nítorí pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ náà ni oúnjẹ ọjọ́ yẹn. Ẹni tí ó ní ìdánilójú nípa ọ̀la ni ó lè sọ pé eré yìí kò ṣeé gé.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Jàpáànì ṣe òfin ààbò ohun-ìní àṣà ní 1950, Kòríà Gúúsù ṣe tirẹ̀ ní 1962. Ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, ìjọba ń dá àwọn ọ̀gá olórin mọ̀ ní orúkọ, wọ́n ń fún wọn lówó, wọ́n sì ń retí pé kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin fúnra yín gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1993. Mo fẹ́ràn irú ètò bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá díẹ̀ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn tí ó ń lu omele lẹ́yìn ọ̀gá kì í rí nǹkan. Ní ilẹ̀ Faransé, olórin tí ó bá ti ṣiṣẹ́ tó wákàtí 507 láàárín oṣù 12 lè gba owó ìrànwọ́ ní àkókò tí kò bá sí iṣẹ́. Èyí dára, àfi pé ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lọ́wọ́ kò ní wákàtí kankan tí wọ́n lè kà fún un. Ireland, tí ẹ kọ fèrè alápò tí wọ́n ń fi ìgúnpá fẹ́ sílẹ̀ fún ní 2017, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2022 tí ó fún oníṣẹ́-ọnà 2,000 ní yúrò 325 lọ́sẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Gègé ni wọ́n ṣẹ́ láàárín àwọn tí ó yẹ, wọn kò wo ẹni tí ó lókìkí. Nínú gbogbo wọn, èyí ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà pé òfin àgbáyé a máa gbọ́ bí olórin bá sọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tí ó wà nínú ewu, fi gbogbo ẹ̀yà igi Dalbergia sábẹ́ ìṣọ́, igi tí a fi ń ṣe gìtá, fèrè àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun èlò, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ta ohun èlò bẹ́ẹ̀ kọjá ẹnubodè di ẹni tí ó ń wá ìwé àṣẹ. Igi náà yẹ ní ìdáàbòbò. Ṣùgbọ́n àwọn olórin àti àwọn tí ó ń ṣe ohun èlò lọ bá wọn, wọ́n ṣàlàyé ohun tí òfin náà ń ṣe sí ẹni tí ó ní ohun èlò kan ṣoṣo, ní oṣù kẹjọ 2019 wọ́n sì yọ ohun èlò orin tí wọ́n ti ṣe tán kúrò nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn igi náà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń tọrọ nìyí. Ẹ fi òṣùwọ̀n kan kún àwọn márùn-ún, tàbí kí ẹ fi ìbéèrè kan kún inú ọ̀kan nínú wọn, kí orílẹ̀-èdè tí ó bá mú ohun èlò orin wá sọ bí àwọn tí ó ń lò ó àti àwọn tí ó ń gbẹ́ ẹ ṣe ń rí owó, ìtọ́jú ìlera àti owó ọjọ́ ogbó, kí ó sì sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe sí i bí kò bá tó. Kì í ṣe kí ẹ fi lé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè tí kò lówó lè dáhùn ní òótọ́ pé kò tíì sí, ìyẹn náà yóò jẹ́ àkọsílẹ̀. Ọdún mẹ́fà mẹ́fà ni àwọn ìjọba ń jábọ̀ fún yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn nínú ìjábọ̀ náà bóyá àwọn eléré tí ó wà nínú fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ ṣì ń ṣeré, àti pé bí wọ́n bá ti fi í sílẹ̀, kí ni ó fà á. Fún gbogbo fọ́tò àti fídíò tí ó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ohun èlò hàn lábẹ́ rẹ̀, àyàfi bí ẹni náà bá ní kí ẹ má kọ ọ́. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè, ẹ lè bi wọ́n. Àjọ̀dún èyíkéyìí tí ó bá sì fẹ́ lo orúkọ àjọ yín tàbí àmì yín, kí ó kọ́kọ́ fi hàn pé òun ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú olórin kọ̀ọ̀kan, kí ọjọ́ tí owó yóò jáde sì wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ń kọ ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ àti àwọn aṣojú ìjọba nìkan. Ẹ pe ẹni tí ó ń lu gúdúgúdú, tí ó ń jókòó lẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kì í ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ pe obìnrin tí ìka rẹ̀ ń kú. Wọn yóò wá, bí ẹ bá san owó ọkọ̀ wọn, wọn yóò sì sọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún yín láìfi nǹkan kan pamọ́. Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Aludùndún kan